Ọwọ́ Àkíbù Lára Pákó Fàsásì

Ọwọ́ Àkíbù dára ju ojú rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ náà kò sì burú. Ní gbogbo Bẹ́yẹrúnkà títí dé Ọjà'ba, bí ọmọ kéwú kan bá fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ìparí kéwú, tí wọ́n fẹ́ kọ wàláà, pákó aláràbarà tí yóò gbé dání láàárín èrò, Àkíbù ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe pé àwọn àfáà mìíràn kò mọ̀wé. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí Àkíbù bá ti fi kálámù kan pákó, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í na ìrù, ìrù náà á gba abẹ́ lẹ́tà kejì kọjá, á yọ orí sókè ní òdìkejì, á ká kò, á wá fi àmì tóótòòtó parí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ìyá ìyá mi, Rachel, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò mọ álífù yàtọ̀ sí igi ìdáná. Síbẹ̀ ó sọ fún mi pé òun lè dúró wo ìkọ̀wé Àkíbù títí ọbẹ̀ òun á fi jóná. Mo ti jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí náà n kò bá a jiyàn.

Ohun tó ń dun Àkíbù ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Wàláà wà fún fífọ̀ ni. Ọmọ kéwú á kà á tán, á da omi sí i, á nù ún, wọ́n á tún kọ òmíràn. Ti wòlímọ̀ pàápàá, bí ayẹyẹ bá ti ń parí lọ, àwọn ìyá ọmọ á ti gbé abọ́ dúró. Wọ́n á fi omi ṣan tàdáà tí a fi kọ̀wé kúrò lára pákó, wọ́n á sì mu ún. Hàntú là ń pe omi yẹn. Wọ́n ń mu ún fún ibà, fún inú rírun, fún ọmọ tí kò tètè rìn, fún ọkọ tí kò tètè wálé. Nítorí èyí, Àkíbù máa ń fi oyin díẹ̀ sínú tàdáà tó bá ń sè, kí ẹnu ẹni tó bá mu ún má baà korò. Èèyàn dáadáa ni. Oyin yẹn ló sì fẹ́ pa á.

Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní Ìbàdàn, Èjìdé ọmọ Fàsásì ló lọ fẹ́ràn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Fàsásì, bàbá àgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, tí àwọn ilẹ̀kùn tó kàn wà káàkiri láti Bẹẹrẹ dé Ìdí Arẹrẹ. Òun náà ló ń gbẹ́ wàláà tí Àkíbù ń kọ̀wé sí, èyí sì ń dùn ún wọnú egungun. Bí wọ́n bá gbé wàláà jáde, èrò á ní ọwọ́ Àkíbù dára, kò ní sí ẹni kan tí yóò sọ pé pákó náà dán.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bí Fàsásì nínú ju ìyẹn lọ ni orúnkún rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ìdí iṣẹ́ ti bà á jẹ́, débi pé ní Yídì, níbi ìrun Iléyá, jíjókòó ló ń kírun nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń forí balẹ̀ tí wọ́n ń dìde. Lẹ́yìn ìrun wọ́n á wá kí i pẹ̀lẹ́. Á dá wọn lóhùn dáadáa, á sì bínú délé.

Nígbà tí àwọn ẹbí Àkíbù wá tọrọ Èjìdé, Fàsásì fún wọn ní obì, ó wá ní kí wọ́n pe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wọlé.

"Ilẹ̀kùn tóo gbà wọlé yẹn," ni Fàsásì wí, "kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti kàn án. Àgbò ń fi ìwo gbá a lójoojúmọ́, ó ṣì dúró. Ìwọ ńkọ́? Nínú gbogbo nǹkan tóo ti kọ láyé ẹ, èwo ló kù?"

Àkíbù ronú títí. "Bàbá," ló wí, "wọ́n ti mu wọ́n tán."

Wọ́n ní Èjìdé tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti ki etí ìborùn bọ ẹnu. Rachel ní láti ọjọ́ yẹn ni Èjìdé ti pinnu pé kò sí ọkùnrin mìíràn. Ṣùgbọ́n Fàsásì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àkíbù lọ kọ nǹkan kan sára pákó òun, ohunkóhun tó bá wù ú. Bí ìkọ̀wé náà bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ Iléyá, tí òun bá ti Yídì dé tí òun fi ojú òun rí i, kó máa mú Èjìdé lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, Sàídì alágbẹ̀dẹ ti ń béèrè ọmọ náà tipẹ́, ọkọ́ tí Sàídì bá sì rọ, ẹnikẹ́ni kò lè mu ún.

Japheth Adégòkè, ọkọ Rachel, ló yọ Àkíbù nínú ọ̀ràn yìí, tàbí kí n kúkú sọ pé òun ló tì í wọ inú rẹ̀. Reluwé ti ń wọ Ìbàdàn nígbà náà, òkè Màpó sì ṣì jẹ́ òkè tí ewúrẹ́ ń gùn. Japheth ti ṣe tíṣà títí ó fi sú u, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí etí Ọjà'ba, ó ń ta iyọ̀, ọṣẹ, abẹ́rẹ́ àti kẹrosíìnì. Ó ti dé Èkó lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí pákó kan níwájú ilé ìtajà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìkọ̀wé ọlọ́nà kọ ọ́, tí àwọn lẹ́tà so ọwọ́ kọ́ra wọn. Láti ọjọ́ náà kò gbádùn mọ́. Ó gbìyànjú láti kọ irú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé tíṣà ló ní: gbogbo lẹ́tà dúró gbọnrangandan bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí pàṣán.

"Bàbá Clara," ni Rachel sọ fún un, "ẹ ò kúkú ṣe pe Àkíbù?" Clara ni ìyá mi. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n nígbà náà, nítorí náà kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dá sí ìtàn yìí bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Wọ́n ra pákó ìrókò fífẹ̀ lọ́wọ́ Fàsásì. Japheth gbé ọ̀dà tó wá láti Èkó kalẹ̀. Àkíbù kò fi kálámù ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dà náà ki, kálámù ń họ ilẹ̀ pákó, gbogbo ìrù lẹ́tà sì ń wú ní ìdí. Èjìdé wá ra ọṣẹ, ó gbójú sókè, ó wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí," ló bi Àkíbù, "àbí wọ́n tì yín?"

Ojú ẹsẹ̀ ni Àkíbù gbé pákó padà lọ bá Fàsásì pé kó bá òun fi ìfági fá a dànù. Kò tún fọwọ́ kan ọ̀dà mọ́ láyé rẹ̀. Ọkùnrin onígbéraga ni, ní ti ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ó lọ sílé, ó se tàdáà ìkòkò kan, oyin ń bẹ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbé e wá.

Àkíbù kò mọ ìwé òyìnbó rárá. Japheth kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ọjà sínú tákàdá kan fún un kó máa wò ó. Àkíbù tẹ́ tákàdá náà sílẹ̀, ó lọ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láti ìparí wá.

"Àkíbù," ni Japheth wí, "iwájú lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Tíṣà," ni Àkíbù wí, "iwájú nìyí."

Ìyá ìyá mi ní àágùn bo Japheth bí ó ti ń wo orúkọ rẹ̀ tó ń fi ìdí rìn bọ̀ lára pákó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àkíbù dé ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo lẹ́tà pé, ó sì tọ́. Ìrù iyọ̀ gba abẹ́ ọṣẹ kọjá. Abẹ́rẹ́ yọ òwú gígùn tó lọ yí kẹrosíìnì ká. Orúkọ Japheth fúnra rẹ̀ wé láwàní. Ó tún fi àwọn iṣẹ́ ọnà tó máa ń ṣe sí etí wàláà wòlímọ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká. Japheth, tó mọ̀wé, kò rí i kà. Ó ní kò burú, pé ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ á wọlé wá béèrè.

"Ṣé kò ní parẹ́ ṣá?" ni Japheth bi í.

Àkíbù na ọwọ́ sí òrùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò ti ṣíwọ́, wọ́n sì gbé pákó náà kọ́ sábẹ́ etí páànù. Kí ló kù tó lè pa á rẹ́? Ó lọ sílé, ó ń kọrin. Èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé oyin wà níbẹ̀. Wọ́n tò gba ojú ọ̀nà gbogbo ìrù lẹ́tà náà, wọn kò yà kúrò níbì kan.

Ẹni tó tẹ̀lé èèrà ni Kúlúsúmù, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Òsúkè ló mú Yésúfù ọkọ rẹ̀, òsúkè náà kò sì lọ. Ó ń mú un bó bá ń jẹun, ó ń mú un bó bá ń nájà, ó ń mú un nínú ìrun débi pé àwọn tó tò sí sàfù kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ń fi ẹ̀rín ba ìrun tiwọn jẹ́. Kúlúsúmù ń kọjá lọ, ó gbójú sókè. Kò mọ ìwé òyìnbó, kò mọ kéwú, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ Àkíbù, nítorí ó ti mu ún rí nígbà oyún. Ó ki etí ìborùn bọ omi, ó nu ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, ó fún un sínú ife, ó gbé e fún Yésúfù.

Òsúkè náà dúró. Rachel ní ẹ̀rù ló bà á, nítorí omi dúdú ni, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í tó le ojú mọ́ ọn pé kó mu ún tán. Ẹ̀rù máa ń lé òsúkè. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ sọ ìyẹn fún Kúlúsúmù, tó ti dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò kẹta?

Nígbà tí Àkíbù wá tó rí i pé ìrù kan ti lọ, ó ní alángbá ni. Ó tún un kọ. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ọṣẹ ti dínkù, orúkọ Japheth ti tú láwàní. Ó ní alángbá náà tóbi. Ó tún un kọ. Ọjọ́ tó wá kúkú dé tó rí pákó ìrókò lásán, tó sì bá obìnrin kan tó ń nàgà lórí àpótí, tó ń fi ọwọ́ nu igun tó kẹ́yìn kí ó má baà ṣòfò, ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Iléyá ti ń súnmọ́. Rachel ní àánú rẹ̀ ṣe òun débi pé òun fún un ní omi, ó sì kọ̀ ọ́.

Àkíbù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn obìnrin tó ń wá nu pákó. "Ẹ̀yin ìyá mi," ló wí, "eléyìí kì í ṣe kéwú. Iyọ̀ ló wà níbí. Ọṣẹ nìyí. Orúkọ Tíṣà nìyí, onígbàgbọ́ ni."

Ìyá àgbà kan mi orí. "Ẹ wo bó ṣe ń rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀," ló sọ fún àwọn yòókù. "Ọlọ́hun á tún fún un sí i."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ hàntú gidi fún wọn sí wàláà, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wo wàláà, wọ́n wo pákó. Wọ́n ní ti pákó tóbi.

Ó gbé àga jókòó sábẹ́ pákó náà, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Àwọn ìyá á wá kí i, wọ́n á béèrè ìyá rẹ̀, wọ́n á béèrè àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì ti ń dá wọn lóhùn, ẹnìkan á ti wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn tútù. Ọmọ gidi ni, kò lè kọ̀ láti dá àgbà lóhùn, kò sì lè fi ìgbálẹ̀ na ìyá ẹnikẹ́ni. Sàídì alágbẹ̀dẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. "Ẹ kú àtúnkọ o," ni yóò wí, yóò sì máa lọ.

Japheth kọ́kọ́ bínú bí ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n Rachel pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní kó wò ó dáadáa, pé gbogbo ẹni tó wá nu pákó ló ń ra iyọ̀ tàbí ọṣẹ bó bá ń lọ, nítorí ojú ń tì wọ́n. Japheth wò ó dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbé ìkòkò omi tútù sẹ́bàá ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó ní nítorí òùngbẹ ni. Bàbá ìyá mi ni, n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fàsásì nìkan ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Á jókòó sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, á na orúnkún méjèèjì síwájú, á máa kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé kí wọ́n má jẹ́ kí Kúlúsúmù súnmọ́ àtùpà, pé ó ti mu kẹrosíìnì yó. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á wá fi ọwọ́ di orúnkún mú.

Yẹ̀yẹ́ yìí ló fún Àkíbù ní ọgbọ́n. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó já pákó náà sílẹ̀ láti àárọ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Rachel ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, òun kò sì tún rí irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìrù tó ti kọ́ láyé rẹ̀ ló lò. Ó fẹ́ràn Èjìdé gan-an, kò sì mọ bí òun yóò ṣe máa gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ bó bá di ìyàwó Sàídì. Ó gbé pákó náà lérí, ó gbé e lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ní Ìbàdàn tó dá a lójú pé kò lè mu ún láé.

"Bàbá," ló wí, "ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ di ọ̀la."

Fàsásì wo pákó náà pẹ́. Ó gbà á, ó gbé e sínú yàrá ara rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn tó kàn fúnra rẹ̀. Àkíbù lọ sílé, ó sùn bí ọmọ ọwọ́.

Yésúfù ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yídì. Ó ní bí wọ́n ti tò tán, òun rí Fàsásì tó dúró ní sàfù iwájú, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ba, ó tẹ̀ ba. Wọ́n forí balẹ̀, ó forí balẹ̀. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró kí wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìde, omi sì wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó rò pé orúnkún òun ni wọ́n ń wò, ó ń dá wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sí ẹni tó lè gbójú sọ fún àgbàlagbà lọ́jọ́ Iléyá pé láti ètè rẹ̀ títí dé àárín irùngbọ̀n, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Nígbà tó délé, àwọn ẹbí Àkíbù ti jókòó. Rachel àti Japheth náà wà níbẹ̀, wọ́n pè wọ́n wá jẹ ẹran. Sàídì ti wọ aṣọ tuntun. Fàsásì kọjá láàárín wọn láìdi ògiri mú, ó wọ yàrá, ó gbé pákó jáde, ó fi í ti ìdí òpó. Lẹ́tà kan kò sí lára rẹ̀.

"Pákó mi nìyí," ló wí. "Ó ṣì wà. Ìkọ̀wé ẹ dà?"

 Àkíbù ń wo pákó, ó ń wo irùngbọ̀n. Gbogbo agbo ilé ń wo irùngbọ̀n. Àgbò nìkan ló ń ké.

Èjìdé gbé omi ọwọ́ fífọ̀ wá, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá mi," ló wí, "kí ẹ tó fọwọ́, ẹ kọ́kọ́ wo inú omi yìí."

Fàsásì wò ó. Ó fi ọwọ́ kan irùngbọ̀n, ó wo ọwọ́ náà, ó tún wo inú omi. Ojú tì í gan-an, Rachel ní òun kò lè wò ó. Ó gbójú sókè sí Àkíbù.

"Kí ló wà nínú nǹkan tí mo mu?" ló bi í.

"Iyọ̀, Bàbá. Àti ọṣẹ, àti abẹ́rẹ́, àti kẹrosíìnì. Àti orúkọ Tíṣà."

Fàsásì ká orúnkún kan kò díẹ̀díẹ̀, ó tún nà án. "Mo ṣáà mọ̀," ló wí, "pé nǹkan kan ń yọ̀ bí epo níbí yìí."

Sàídì dìde. "Ṣùgbọ́n Bàbá, kò sí lára pákó mọ́. Lára pákó lẹ wí."

"Sàídì," ni Fàsásì wí, "lọ bá mi di ẹsẹ̀ àgbò mú."

Sàídì lọ. Fàsásì jókòó, ó sì pe Àkíbù kó súnmọ́ òun. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó dáa. Má jìnnà, ṣóo gbọ́? Ẹni tó máa tún un kọ fún mi níjọ́ Iléyá tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ jìnnà sí mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Èjìdé, bu omi fún ọkọ ẹ."

Èjìdé bu omi wá. Àkíbù wo inú ife náà dáadáa kó tó mu ún.